Ọwọ́ Òsì Tó Ń Tì Mí

Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn kàfúrà tó dà pọ̀ mọ́ ti kápẹ́ẹ̀tì tí omi ti wọ̀ rí, inú ọkọ̀ ọkọ mi ni ọkàn mi máa ń lọ, ní àdúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀ lẹ́bàá Owódé Onírin, níbi tí odò ti máa ń wá kí wa nílé bí òjò bá ti pọ̀. Ọkọ̀ náà ti dàgbà, ṣùgbọ́n ọkọ mi ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Àwọn ló ń kó kàfúrà sábẹ́ ìjókòó kí eku má baà wọlé wá jẹ wáyà. Ìwọ náà mọ̀ wọ́n, ọ̀rẹ́ mi: wọn kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan sítíárìn. Mo ti mọ ọkọ̀ wà kí a tó fẹ́ra, síbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo ń jókòó sí láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá.

Àfìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dé. Apá ọ̀tún wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ sì kú mọ́ wọn lẹ́nu. Ó wá di pé èmi ń wa ọkọ̀, àwọn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Apá Anthony ni ọsibítù tí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú wà, dókítà sì ti kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ pa ọjọ́ kankan jẹ. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kò ṣeé gbé wọn, nítorí wọn ò lè dá jókòó bí bẹ́líìtì kò bá dè wọ́n mú. Àwọn ọmọ wa wà lọ́nà jíjìn. Ọkọ̀ yẹn nìkan ló kù fún wa.

Àsìkò yẹn gan-an ni òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá àrà. Mo lè yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, kí gbogbo iná iwájú tàn, kí ẹ́ńjìnì má sì mira rárá. Ní ọjọ́ kejì, á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Mo pe rewáyà kan láti Kétu, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ọkùnrin gíga ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí igi òpó. Ó wọlé, ó sún ìjókòó sẹ́yìn, ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ sì dún.

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Mummy, kí wá ló ṣe é?"

Síbẹ̀ ó nu orí bátìrì, ó tú sítátà, ó tò ó padà. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, ó tún kọ̀ fún mi, ó sì tún jẹ́ fún un bó ṣe jókòó sí i. "Mummy, ọkọ̀ yìí mọ ojú èèyàn o," ó ní. "Ọkùnrin ló ń fẹ́." Àwọn ará ilé wa rẹ́rìn-ín, èmi náà fi ẹnu rẹ́rìn-ín.

Ohun tí kò pa mí lẹ́rìn-ín ni ọwọ́ òsì ọkọ mi. Nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá ti kọ̀, ọwọ́ yẹn á nà wá. Wọ́n á máa tì mí ní ìbàdí, wọ́n á máa lu ẹ̀gbẹ́ ìjókòó mi, ojú wọn á pọ́n, ohùn tí kò já sí ọ̀rọ̀ kankan á máa jáde. Kí ni kí n rò? Mo rò pé wọ́n ń ní kí n bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn ni. Nínú àìlera yẹn náà, wọn ò fẹ́ kí n jókòó síbẹ̀. "Dádì, ẹ ṣe sùúrù," ni mo máa ń sọ, "mo mọ̀ pé tiyín ni." Màá gbé ọwọ́ náà padà sórí ẹsẹ̀ wọn. Nígbà mìíràn, omijé á bọ́ lójú wọn, èmi á sì kọjú síta.

Lásìkò òjò, ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kan, mo fọwọ́ kàn wọ́n, ara wọn gbóná bí ààrò. Èémí wọn ń dún fíìì, fíìì, bíi pé ihò abẹ́rẹ́ ló ń gbà kọjá. Omi ti ń rá bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bí a bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ọkọ̀ kankan kò ní lè jáde ní òpópónà wa. Aládùúgbò wa kan bá mi gbé wọn wọ inú ọkọ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́kẹ́ pa. Mo tún un yí. Mo pe rewáyà lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ń já: "Mummy, mo wà ní Mile 12. Omi ò jẹ́ kí n kọjá." Omi ti kan táyà. Ìwọ mọ̀ mí, n kì í pariwo. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbé orí lé sítíárìn, mo sì ké bí ẹran tí wọ́n dè mọ́lẹ̀.

Ọwọ́ òsì náà tún dé. Kò lágbára láti lu nǹkan mọ́. Ńṣe ló rọra wọ abẹ́ ìjókòó mi lọ, ó di irin tí a fi ń sún ìjókòó mú, ó ń mì ín. Mi ò gbé ọwọ́ náà kúrò lọ́tẹ̀ yìí. Agbára rẹ̀ ti tán lára mi. Mo kàn ń wò ó. Bí mo ṣe ń wò ó ni mo rí rewáyà lójú inú mi, bó ṣe máa ń sún ìjókòó sẹ́yìn kó tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Èmi kúkúrú, iwájú ni mo máa ń fà á sí.

Mo gbé irin náà sókè, mo sún sẹ́yìn títí ẹsẹ̀ mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan pẹ́dà mọ́, mo sì yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì bú ramúramù. Aládùúgbò wa fi igbe ta, "Jésù!" Ọkọ mi pa ojú dé, wọ́n sì mi orí lẹ́ẹ̀kan pé bẹ́ẹ̀ ni.

Etí ìjókòó ni mo jókòó lé, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni mo fi wa ọkọ̀ la omi kọjá títí a fi dé Anthony. Òtútù àyà ni wọ́n bá lára wọn. Dókítà ní ká ní a pẹ́ sí i ni, ohun mìíràn ni à bá máa sọ.

Nígbà tí ọkọ mi padà sílé, rewáyà ká kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ìjókòó lójú wa. Láàárín àwọn kàfúrà, bọ́tìnnì kékeré kan wà níbẹ̀, wáyà rẹ̀ ti bó. "Háà! Dádì, ẹ̀yin lẹ fi bọ́tìnnì olè síbí!" Irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí olè lè tan ọkọ̀; lásìkò tí àwọn olè ń jí ọkọ̀ gbé ládùúgbò ni ọkọ mi ti ṣe é, tí wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni, èmi ìyàwó wọn náà kò mọ̀. Bí mo bá ti fa ìjókòó síwájú, nígbà mìíràn irin á fún wáyà náà lọ́rùn, iná kò sì ní dé sítátà. Mo yíjú sí ọkọ mi. Wọ́n ń wo ojú fèrèsé, bí ọmọ tí wọ́n ká ẹran mọ́ lẹ́nu. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tó ti inú wá láti ìgbà tí àìsàn ti dé.

Ọ̀rọ̀ wọn kò tíì padà. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ òsì yẹn bá ti gbéra báyìí, n kì í sọ pé kí wọ́n ṣe sùúrù mọ́. Màá kọ́kọ́ fi ojú tẹ̀lé e dé ibi tó ń lọ. Rewáyà fẹ́ yọ bọ́tìnnì náà dànù, ọkọ mi mi orí pé rárá, rewáyà sì bá wa gbé e lọ sí ibòmíràn nínú ọkọ̀. Àwọn fúnra wọn ló fa ọwọ́ mi lọ síbẹ̀, tí wọ́n fi ìka mi tẹ̀ ẹ́ kí n lè mọ̀ ọ́n. Yàtọ̀ sí ẹni tó ṣe é, àwa méjèèjì nìkan la mọ ibi tó wà. Má bi mí.