Ọta Inú Ẹran

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀, mo gé ẹran àgbọ̀nrín jẹ lọ́jọ́ kan, mo sì gé irin mọ́ ọn. Mo kígbe. Ìyá mi sáré wá, ó ki ọwọ́ bọ̀ mí lẹ́nu, ó sì yọ ọta kan jáde, wínníwínní, kò tó hóró àgbàdo. Mo rò pé yóò bá mi wí pé mo ń jẹun wàdùwàdù, nítorí ìwà mi nìyẹn nígbà náà. Kò bá mi wí. Ó gbé ọta náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì ń wo bàbá mi tó jókòó tó ń jẹ oúnjẹ tirẹ̀. Bàbá mi kò gbójú sókè.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tó jẹ́ pé inú ọ̀rá lẹ ti ń bá ẹran, ó lè yà yín lẹ́nu pé ọta kékeré lè pa àgbàlagbà méjì lẹ́nu mọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó la wà. Bàbá mi ń dáko, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọdẹ ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Ìyá mi ló ń yan ẹran náà, òun ló sì ń tà á fún àwọn awakọ̀ létí títì. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kì í ná an pẹ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò sí irin nínú ẹran àgbọ̀nrín ilé wa. Ojú kan ni ọta ń gbà wọlé, ojú kan ló ń gbà jáde. Iyì bàbá mi nìyẹn, oúnjẹ wa náà sì ni.

Ìbọn ṣakabùlà ló ń lò, èyí tí wọ́n ń ti ẹnu kì. Ó ní àwọn àpò awọ kéékèèké tó ń so mọ́ ìdí, oríṣi ọta kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òjé wà nínú èyí tó fẹ́ràn jù. Ó máa ń yọ́ ọ láti inú bátìrì lọ́rì tó ti kú, yóò sì ṣe é róbótó bí ọmọ ayò. Ẹyọ kan péré ló ń kì, ti àgbọ̀nrín nìyẹn, bí àgbọ̀nrín bá dúró ní òdìkejì oko tí ń jẹko, tó jẹ́ pé bí o bá tún sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i, ó ti lọ. Irin gígé wà fún ẹtu tí kò jìnnà púpọ̀. Wínníwínní ló kù, bí ọkà bàbà, ẹ̀kúnwọ́ kan fún ọ̀yà àti àparò tó bá wà nítòsí gan-an. Òun máa ń fọ́n ká ni. Bí ojú ọdẹ ò bá tilẹ̀ gún régé, díẹ̀ nínú rẹ̀ á ba ẹran.

Wọn kì í ṣi ọta lò. Bí o bá yin wínníwínní sí àgbọ̀nrín lọ́ọ̀ọ́kán, á kàn ta á lára ni, ẹran á gbé ọgbẹ́ wọgbó, igún nìkan ni yóò mọ ibi tó kú sí. Bí o bá sì yin òjé sí ọ̀yà nítòsí, kí lo fẹ́ gbé délé, ṣé irun ni àbí egungun? Ibi tó wá le níbẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti kì ṣakabùlà tán nílé, kò sí pé ẹran yìí jìnnà, ẹ jẹ́ n pààrọ̀ ọta. Bàbá mi máa ń sọ pé ìbọn tí a bá ti kì, yíyìn ló kù. Nítorí náà ọdẹ gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí òun fẹ́ dúró sí kó tó mú ọta, ó sì gbọ́dọ̀ mọ bí ojú òun ṣe tó.

Láti ọjọ́ tí mo gé irin jẹ ni ìyá mi ti ń wo gbogbo ẹran tó bá wọlé, èmi náà sì ń wò ó bó ṣe ń wò ó. Ọ̀yà dé, ihò wínníwínní ló kún ara rẹ̀, ìyẹn ò burú. Àgbọ̀nrín dé, ihò wínníwínní náà ni, ní itan àti níkùn, ẹran náà sì ti jìyà kó tó kú. Lẹ́yìn ìyẹn, àgbọ̀nrín ò dé mọ́. Bàbá mi ní àgbọ̀nrín ti tán nígbó. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọdẹ yòókù ń rù ú kọjá lójúde wa! Awakọ̀ kan fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé ó ti ń ta ìṣó mọ́ ẹran ni. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nílé, bàbá mi ń kọlu odó tó ti wà lójú kan kí wọ́n tó bí mi, á wá máa bínú pé ta ló gbé e síbẹ̀. Èmi ń fi í rẹ́rìn-ín, ọmọdé ni mí.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọdẹ máa ń kó ara wọn jọ yí igbó kan ká. Àwọn ọ̀dọ́ á máa pariwo lé ẹran bọ̀, àwọn oníbọn á dúró dè é. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì wà lára àwọn tó fẹ́ lé ẹran, bàbá mi sì ní òun ò ní ṣàì dúró sí ipò òun. Ẹni tí kò rí odó ilé rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ọmọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹran bí ọmọ náà bá já jáde lójijì látẹ̀gbẹ́? Ohun tó ń ba ìyá mi lẹ́rù nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò ṣeé sọ fún àwọn ọdẹ. Bí ó bá sọ ọ́, orúkọ ọkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá mi jókòó sórí àpótí lójúde, ó kọjú sí ọ̀nà, ó sì kì ìbọn. Òjé ló kì, ọta ọ̀nà jíjìn, bí ìgbà tí ó fẹ́ fi han ayé pé ẹni tí òun jẹ́ tẹ́lẹ̀ lòun ṣì jẹ́. Ìyá mi kó àwọn àpò ọta lé mi lọ́wọ́, ó fi ojú bá mi sọ̀rọ̀ pé kí n lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, kí n má yanu. Mo lọ dúró. Bí mo bá na ọwọ́, ó tó èjìká rẹ̀.

"Níbo lọmọ yẹn gbé àpò mi gbà?" ni bàbá mi wí.

Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré, mo di ẹ̀rín mọ́nú. Ó tún pè mí, ó kígbe orúkọ mi sí ìdí ọsàn níbi tí kò sí ẹnì kankan. Ìyá mi bá kúnlẹ̀.

"Bàbá wọn, ọmọ yín ló dúró tì yín yẹn."

Ó yí orí pátápátá kó tó rí mi. Kò bínú. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ọwọ́ náà sì pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbé ìbọn lọ sẹ́yìn ilé, ó sì yìn ín sínú òkìtì ọ̀gán. Ó ní kí wọ́n sọ fún àwọn ọdẹ pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Kò gbé ìbọn mọ́ láyé rẹ̀. Kó tó di pé mo jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èmi ni mò ń fà á lọ́wọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Àwọn ará ilé ní ayé ló ṣe é, wọ́n tilẹ̀ dárúkọ ìyá arúgbó kan ládùúgbò, wọn ò sì kí i mọ́ títí tó fi kú.

Ẹ lè máa wí nínú yín pé àgbọ̀nrín èṣí ni bàbá yìí ń jẹ lọ́bẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, ti ọdún yìí náà wà nínú ìkòkò. Thamesmead nílùú Òyìnbó ni mo ń gbé, mo wa bọ́ọ̀sì ní Woolwich títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, ti bá àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ọdẹ. Ó gba ìwé àṣẹ, wọ́n sì máa ń lọ sí oko kan ní Kent níbi tí àgbọ̀nrín ti ń jẹ ọ̀gbìn àgbẹ̀. Ó wá kí wa ní ọjọ́ Sunday kan, ó na fóònù sí mi.

"Daddy, ẹ gbà mí o. Mi ò mọ bullet tí mo máa mú. Ṣé heavy ni àbí light?"

Ó ṣàlàyé fún mi pé èyí tó fúyẹ́ máa ń yára lọ tààrà, ṣùgbọ́n bí ibi tó ń lọ bá jìnnà, atẹ́gùn á gbé e yà. Èyí tó wúwo, atẹ́gùn kì í lè gbé e yà, àmọ́ ó ń rọlẹ̀ kó tó débẹ̀. Ó ní orí ọta ibí máa ń là bó bá ti wọ ara ẹran. Bí ẹran bá sún mọ́ni jù, á bà á jẹ́. Bó bá jìnnà jù, orí ọta lè má là, ẹran á gbé e sá lọ. Ó ní wọ́n ti ń fi bàbà ṣe é dípò òjé, nítorí òjé kò dára fún ẹni tó máa jẹ ẹran. Mo rántí gbogbo òjé bátìrì tí a ti jẹ, mo ní Ọlọ́run ló yọ wá.

"Níbo lo máa dúró sí?" ni mo bi í.

"That's the thing, Daddy. Nígbà míì inú bush ni, very close. Nígbà míì ó máa wà across the field."

Mo ní kó má wulẹ̀ wá ọta tó ń ṣe gbogbo rẹ̀. Kó kọ́kọ́ mọ ibi tó jìnnà jù tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ò ti ní tàsé, kó mú ọta ibẹ̀, ẹran tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó fi ẹsẹ̀ rìn bá a tàbí kó jẹ́ kó máa lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló kọ́ mi. Mo bá ń sọ ìtàn bàbá mi fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Mo dé ibi àpò ọta, mo ní, "Mo dúró tì í báyìí, kò rí mi." Mo rí i pé ọmọ mi ò wojú mi mọ́, ọwọ́ òsì mi ló ń wò.

"Daddy," ìyàwó mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀, "ó ti pẹ́ tí mo ti na plate ọsàn yìí sí yín o."

Mo yí orí. Òun nìyẹn lóòótọ́, ó dúró tì mí pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Inú kọ́kọ́ bí mi.

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Mò ń sọ ọ́ báyìí. Mirror ọwọ́ òsì mótò yẹn, a ti pààrọ̀ ẹ̀, ẹ tún ti gbá a. Ọmọ tó wà lórí scooter ní Abbey Wood níjọ́sí, èmi ni mo pariwo tẹ́ ẹ fi tẹ brake. Ẹ ò rí i, Daddy. Ọmọ ọmọ wa lẹ̀ ń gbé lọ school láràárọ̀."

Mo fẹ́ sọ pé ọ̀nà ló há. Mo fẹ́ sọ pé àwọn ọmọ àdúgbò yìí ò mọ ìrìn rìn. Ṣùgbọ́n ìtàn bàbá mi ṣì wà lẹ́nu mi, kò jẹ́ kí n purọ́. Mo ti ń wa mótò lọ sí Manchester rí. Nígbà tó yá mo ní Manchester jìnnà. Nígbà tó tún yá mo ní ariwo Peckham ti pọ̀ jù, mo ní kò síbi páàkì ní Woolwich. Ó wá ku ẹnu ọ̀nà ilé ìwé ọmọ náà nìkan, lẹ́yìn Birchmere Park. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń kì wínníwínní, tí mò ń sọ fún gbogbo ayé pé àgbọ̀nrín ló tán nígbó. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ mótò lápò, mo fi lé ọmọ mi lọ́wọ́.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, kí n máa tẹ bọ́tìnnì bí iná bá ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn iná tí mo rí, mo tẹ̀ ẹ́. Àwọn tí mi ò rí, àwọn gan-an ni dókítà ń wá. Ó ní omi tó ń rin inú ojú ló pọ̀ jù, tó ń tẹ iṣan tí a fi ń ríran, pé ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, pé ó sì máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Èyí tó ti lọ kò ní padà, ṣùgbọ́n bí mo bá ń kán oògùn déédéé, èyí tó kù lè má lọ. Ó bi mí bóyá ó ṣe bàbá mi. Mo sunkún níwájú dókítà ọmọbìnrin yẹn, n kò tijú. Mo sunkún nítorí bàbá mi, àti nítorí ìyá arúgbó tí wọn ò kí mọ́.

Ayé ti yí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nígbà tiwa, inú ẹran tó ń ta ni ìyá mi ti mọ̀ pé ojú ọkọ rẹ̀ ń lọ, kò sì sí ibi tó lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Lónìí, ẹnu ọjà Woolwich ni wọ́n ti ń yẹ ojú wò, àwọn ọkùnrin wa kàn ń kọjá níbẹ̀ ni. Ọmọ mi gbé ẹran dé láti Kent. Ó ní òun sọ Bisimilahi kí òun tó yìn ín. Ìyá rẹ̀ fi ata sè é, mo sì ń fi ahọ́n wá irin nínú rẹ̀. Kò sí. Ojú kan ni ọta gbà wọlé, ojú kan ló gbà jáde. Mo bi í bóyá ó ti lọ yẹ ojú rẹ̀ wò. Ó ní, "Next week, Daddy." Mo ti àwo ẹran sẹ́yìn, n kò jẹ ẹ́ mọ́ títí tó fi mú fóònù, tó gba ọjọ́ níṣojú mi.

Ẹsẹ̀ ni èmi àti ọmọ ọmọ mi fi ń lọ sílé ìwé báyìí. Ọwọ́ òsì mi ló ń dì mú, níbi tí mi ò ti rí nǹkan, á sì máa sọ fún mi pé "Grandpa, bike ń bọ̀ o." Bàbá mi, ìgbà tí ojú rẹ̀ ti lọ tán ni mo tó ń fà á lọ́wọ́. Láàárọ̀ yìí, bí a ti ń kọjá lẹ́bàá omi Birchmere, mo yí orí pátápátá sí òsì, mo sì rí ọmọ náà.