Àdírẹ́sì Tí Atọ́nà Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Pa Rẹ́

Atọ́nà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí òun ló ń tọ́jú àdírẹ́sì tí ẹ̀rọ fi ń rí gbogbo ìkànnì ilé-iṣẹ́ wọn. Inú fáìlì kan ló ń kọ wọ́n sí. Tó bá ti pàṣẹ, kọ̀ǹpútà á fi èyí tó wà nínú fáìlì sílẹ̀, á sì gbá ìyókù dànù. Ó dáa bẹ́ẹ̀, bí gbogbo èèyàn bá ń kọ ọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Kíákíá, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kì í ya ọ̀dọ̀ fáìlì rárá. Tààrà ló máa ń wọ inú kọ̀ǹpútà lọ fi àdírẹ́sì tuntun kún èyí tó wà níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àbúrò Atọ́nà obìnrin fẹ́ ṣe ìdánwò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti ilé, lórí ìkànnì tí ilé-iṣẹ́ wọn ń bójú tó. Atọ́nà ní kóun tún ibẹ̀ ṣe díẹ̀, kí wàhálà má baà sí, ló bá pàṣẹ. Ẹ gbọ́ ná, ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́? Ibi tó ti ń pàrọwà fún ọmọ náà lórí fóònù, "Fọkàn balẹ̀, àbúrò mi," ni kọ̀ǹpútà ti bi í pé ṣé kóun pa ọ̀kan rẹ́. Kò tilẹ̀ kà á tó fi tẹ "bẹ́ẹ̀ ni".

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní kò síbi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ o!"

Àdírẹ́sì ìdánwò ló pa rẹ́. Kíákíá ló wọlé fi í kún ti ìyókù, kò sì kọ ọ́ sí fáìlì. Àyà Atọ́nà já pàà. Ó sáré kọ ọ́, ó pàṣẹ, ó sì ṣí lójú rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, pàbó! Ẹ̀rọ àwọn tó ń ta dátà fún un ti gbọ́ "kò sí", ó sì ti há a sórí. Ó di wákàtí kan kó tó tún béèrè. Ta ló ní kó jẹ́ wákàtí kan? Atọ́nà yìí kan náà ló kọ ọ́ sí fáìlì, lọ́jọ́ tó ń gbọ́n.

Ó ní kí àbúrò rẹ̀ yá fóònù ìyá onílé wọn. Ibì kan náà làwọn méjèèjì ti ń ra dátà. Ó pe àwọn tó ni ìdánwò, wọ́n ní òfin lòfin, ìlàjì wákàtí péré làwọn fi ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá fẹ́ wọlé ṣe é. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Kíákíá wá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn méjèèjì kàn ń wo aago.

Nígbà tí wákàtí kan pé, fóònù dún. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti ṣí!" Inú ọmọ náà ń dùn. Atọ́nà ń gbọ́ bó ṣe ń ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè, títí ohùn rẹ̀ fi lọ sílẹ̀.

"Wọ́n ní àwọn ti tilẹ̀kùn. Ẹ bá mi ṣí i, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú ibẹ̀?"