Akọ Màlúù Tí Oríkì Mú Sanra

Òórùn wàrà ni mo máa ń gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà, bí mo tilẹ̀ fi gbogbo ọṣẹ Amẹ́ríkà wẹ̀. Oko màlúù oníwàrà kan lẹ́yìn Atlanta ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìwé kẹfà ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n màlúù kì í béèrè sátífíkéètì. Abo ni wọ́n ń fẹ́ níbẹ̀, torí òun ló ń mú wàrà wá. Bí wọ́n bá bí akọ, kíá ni wọ́n ń tà á dànù. Wọ́n ní egungun lásán ni.

Ẹran màlúù sì ti ń wọ́n káàkiri ìlú. Mo bá bẹ ọ̀gá mi, òyìnbó, pé kó jẹ́ kí n tọ́ akọ kan. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bó bá sanra, gbogbo akọ di tèmi láti tọ́; bí kò bá sanra, kí n wáṣẹ́ lọ síbòmíràn.

Àgbàdo àti koríko ni mo ń fún un, ṣùgbọ́n oríkì gan-an ni oúnjẹ rẹ̀. Àràárọ̀ ni mo ń kì í, bí ìyá mi ṣe ń kì mí: “Akọ alámì dúdú, a-fi-ìrù-lu-eṣinṣin-pa, jẹun kí ojú ayé rí ọ!” Orí rẹ̀ á wú, ara náà á wú. Kí n má parọ́ fún yín, bó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀ kì í mọ́ nínú ilé wàrà.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ tó ń kó ẹran lọ fún pípa dé, akọ mi kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n tì í, wọ́n fà á, kò mira. Ọ̀gá mi wò mí. Iṣẹ́ mi ló dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin yẹn! Mo gun inú ọkọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ oríkì. Ó tẹ̀lé ohùn mi wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọ̀gá fún mi ní itan kan nínú ẹran rẹ̀, mo gbé e lọ síbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Aunty nọ́ọ̀sì tó ń darí ìdáná yínmú sí i.

“Bàbá, màlúù wàrà? Ṣé tíì la fẹ́ sè ni?”

“Aunty mi, bí a gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.”

Nígbà tí ẹran jinná, ó tọ́ ọ wò. Ó tún mú òmíràn. “Ẹ̀yin lẹ pa á?”

“Ẹlòmíì ló pa á. Èmi kàn kì í lóríkì ni.”

Bí gbogbo akọ oko ṣe di tèmi nìyẹn.

Mo ti fẹ̀yìn tì sí Redan, lẹ́bàá Atlanta, báyìí. Oko oníwàrà tó ń tọ́ akọ fún ẹran ti pọ̀ lọ jàra. Bí mo bá dé ibi ẹran ní ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń rọra sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: “Akọ alámì dúdú…” Ìyàwó mi á fà mí láṣọ: “Daddy, wọ́n ń wò wá o!”

Kí wọ́n máa wò. Egungun lásán ló ń bọ́ wọn.