Ìtumọ̀ Quarry

Tìpá da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ níwájú ilé tí mò ń kọ́ ní Mówè. Bí eruku rẹ̀ ṣe kọlu imú mi, inú tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi sí tíṣà kan tó kọ́ mi ní Ìbàfò.

Lọ́jọ́ kan, ó kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́wàá tó fi q àti u bẹ̀rẹ̀ sójú bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn. Ẹni tó bá kà wọ́n lákàsórí, bó ṣe kọ wọ́n gẹ́lẹ́, ni yóò ṣojú wa níbi ìdíje ní Ifọ̀. Mo ka mẹ́sàn-án. Ó ku quarry, gbólóhùn rẹ̀ sì pòórá lórí mi.

Mo bá sọ ọ́ ní Yorùbá: "Ibi tí bàbá mi ti ń fọ́ òkúta ni, sà."

"Ta ló béèrè bàbá ẹ lọ́wọ́ ẹ, ọmọ afọ́kúta? Tẹ́ ọwọ́."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹgba mẹ́fà ni mo jẹ lórí ìtumọ̀ tó tọ̀nà, ó sì fi ẹlòmíràn rọ́pò mi.

Nírọ̀lẹ́, bàbá mi rí àtẹ́lẹwọ́ mi tó wú, mo sì ròyìn fún un. Eruku funfun ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Má sọ iṣẹ́ mi níbẹ̀ mọ́." Kò wojú mi.

Mo rò pé èmi ló ń bínú sí. Ojú ló ń tì í. Mo ti gbàgbé ẹgba. Ìtìjú yẹn ni mi ò ní dárí rẹ̀ ji tíṣà náà láéláé.