Aago mẹ́kúrì ti yọ̀ǹda ọkọ mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má bínú, mo ti di aya ẹni láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Wọ́n so yìgì wa ní Ẹ̀jìgbò níbí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló dúró fún un, nítorí Amẹ́ríkà ni ọkọ mi wà, níbi tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe aago kan tí kì í ṣìṣe. Mi ò sọ fún yín, kí ẹ má baà máa bi mí pé ọkọ dà.

Aago yìí kì í ṣe ti ọwọ́ o. Mẹ́kúrì, omi fàdákà inú tẹmọ́mítà, ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á sé ẹyọ rẹ̀ tí ojú ò lè rí mọ́ inú ìgò tí kò ní atẹ́gùn rárá. Bí atẹ́gùn bá jò wọlé bíńtín, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti jò, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀gá wọn fagi lé ìsinmi ọkọ mi.

Lónìí ó pè lórí fóònù nígbà tí mo wà nílé bàbá rẹ̀. Bàbá náà, tó ń ta aago ọwọ́ tó ń kó wá láti Àbíjàn, ló gbé e.

"Ṣé aago yín tún ti jò ni? Páálí aago kan kún níbí. Wá mú èyí tó wù ọ́, kí o sì wá gbé ìyàwó rẹ."

"Kò jò mọ́, Bàbá. Ó ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù kan gbáko. Wọ́n ti ní kí n máa bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ìyàwó mi ní fóònù."

Mo gbà á. Alihamudulilahi nìkan ló jáde lẹ́nu mi.

Ẹ bá mi dúpẹ́, kí ẹ sì fèsì kíákíá. Ilé bàbá ọkọ mi ni ìnáwó ìgbéyàwó wa. Ẹ̀yin ará Ọlá àti Ìsúndúnrín, ẹ tètè jáde: Sátidé kejì lẹ́yìn Iléyá.