Àròkọ Tí Mo Kà Fún Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kí ewú tó gba orí mi báyìí, ọṣẹ dúdú ni ìyá mi ń ṣe ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ọ̀yọ́, ọjà Akẹ̀sán ló sì ti ń tà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó relé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló mú mi sọ́dọ̀ kí n lè lọ sílé ìwé níbẹ̀. N kì í wálé àfi nígbà họlidé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní àròkọ le. Ó ní bí àròkọ ṣe gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì ní bó ṣe gbọ́dọ̀ parí. Ìyá inú àròkọ gbọ́dọ̀ pupa, kó ga, kó ní èjí, kí ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. Mo tètè mọ ohun tó fẹ́. Nígbà tó ní ká kọ “Ìyá Mi”, mo kọ ìyá pupa kan tó ń wọ bàtà gogoro lọ síbi iṣẹ́ ní ọ́fíìsì. Ó fún mi ní méjìdínlógún nínú ogún, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri kíláàsì.

Nígbà tí a gba họlidé, olùkọ́ yọ ìwé náà fún mi, mo sì gbé e lọ sílé. Ìyá mi ò mọ̀wé. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó ní kí n kà á. Bí mo ṣe ń kà á, ẹnu ń yà á pé ọmọ òun ló ń mú kí bébà máa sọ̀rọ̀ báyìí. Mo kà á parí. Ó wá rọra bi mí pé, “Ìyá ta nìyẹn?”

Ó dìde, ó padà sídìí iná.

Ọjọ́ kejì ni mo tó wo ìyá mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ìdí ìkòkò ọṣẹ ni mo dàgbà sí, ṣùgbọ́n n ò wo obìnrin yẹn dáadáa rí. Mo rí bí omi tó ń kán lára eérú ṣe pọ́n bíi tíì, tí ìyá mi sì ń fi ṣóńṣó ahọ́n tọ́ ọ wò kó lè mọ̀ bóyá ó ti mú tó. Ó da àdín sí i, ó ń fi orógùn gígùn rò ó títí oòrùn fi yẹ àtàrí, títí ohun tó ń ṣàn bí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dì, tó sì ń dúdú lójú mi. Mo rí àtàǹpàkò rẹ̀ tí omi eérú ti jẹ, tó ti là. Ẹnu yà mí, ẹ̀rù sì bà mí díẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí kan èèpo kòkó tó sun di eérú, n ò tilẹ̀ rántí pé olùkọ́ kankan wà.

Nígbà tí ilé ìwé wọlé padà, mo ṣọkàn gírí, mo gbé e fún olùkọ́. Ó ní òun ò fún ẹnikẹ́ni ní iṣẹ́ họlidé, ṣùgbọ́n ó gbà á. Lọ́jọ́ kejì ó pè mí, ó dá a padà láìfi máàkì kankan sí i. Ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni ìyá mi ń fi ahọ́n tọ́ omi eérú wò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó kọjú sí fèrèsé.

“Ìyá tèmi náà ń ṣe ọṣẹ,” ló wí. “N ò kọ ọ́ rí.”

Ó ní bó bá di ọjọ́ ìdánwò, kí n kọ ọ́ bí òun ṣe kọ́ wa, kí n lè yege, ṣùgbọ́n kí n wá ìwé mìíràn fún irú eléyìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe.

Nígbà tí mo tún wálé ní họlidé, tí mo ka tuntun yìí fún ìyá mi, kò yìn mí. Ó ní kí n tún un kà. Ó wá ní, “Èèpo kòkó kọ́ ni mo sun lọ́jọ́ yẹn, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Lọ tún un kọ.” Mo tún un kọ. Títí dòní, n ò tíì gba máàkì tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn.

Ayé ti yí padà. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́, fóònù ló ń bá a kọ iṣẹ́ tí lẹ́kítúrà bá fún un. Ó ka ọ̀kan fún mi lọ́jọ́ kan. Ó dán, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Mo ní kó gbé fóònù sílẹ̀, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi bí ibi tó ń gbé ṣe rí. Ó sọ ti ẹ̀rọ omi tí kì í yọ, ó sọ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kọrin lójú oorun, ó wá sọ bí ẹ̀rù ṣe ń ba òun pé òun lè já mi kulẹ̀. N ò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ọdún kejì rèé tó ti ń wá kí mi, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀ gan-an.