Sójà Méjì Inú Fọ́tò Ìyá Mi

Sójà méjì ló wà nínú fọ́tò kan ṣoṣo tí ìyá mi jogún. Wọ́n dúró ṣánṣán ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n fún ẹnu pọ̀ bí ẹni tí wọ́n kìlọ̀ fún pé kó má rẹ́rìn-ín, àkẹtẹ̀ ológun lórí àwọn méjèèjì. Ìbejì ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni bàbá ìyá mi, ó sì kú kí wọ́n tó bí i. Èwo nínú wọn? Ohun tí ìyá mi ò mọ̀ nìyẹn. Ìyá rẹ̀ kàn sọ fún un pé bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, pé èkejì rìnrìn-àjò. Kò fi kún un títí tó fi kú.

Ìdí nìyẹn tí ìyá mi kò fi pe ìkankan nínú wọn ní bàbá rí. "Àwọn sójà yẹn" ló máa ń wí. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ kò ṣeé kó. Kò fẹ́ pe ẹni ẹlẹ́ni ní bàbá.

Àwa ọmọ ò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ní pálọ̀ wa ní Alajo, nílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Gold Coast láyé àwọn òyìnbó, gbogbo wa ti gboyè nínú ìmọ̀ imú àti etí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin búra pé ti apá òsì ló ni etí ìyá wa, pé ojú ti apá ọ̀tún ti le jù. Àkẹtẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dì mú ní tiẹ̀. Ọ̀kan ṣẹ́ etí àkẹtẹ̀ rẹ̀ sókè lápá òsì, èkejì ṣẹ́ tirẹ̀ lápá ọ̀tún. Ó ní ohun tí wọ́n fi ń dá rẹ́jímẹ́ǹtì mọ̀ nìyẹn: ọ̀kan ti Gold Coast, ọ̀kan ti Nàìjíríà, pé ilé lẹni tó rìnrìn-àjò padà sí lọ wọṣẹ́ ológun. A ò bi í níbi tó ti gbọ́ ọ. Ẹni tó bá pariwo jù nílé wa ló máa ń jàre.

Lọ́dún yìí, ìyá mi ní kí n bá òun wá ẹni tó máa gé bàbá òun jáde nínú fọ́tò náà, kó sọ ọ́ di ńlá, kí òun gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá òun.

"Ọjọ́ ti lọ paa," ó ní. "Mo fẹ́ mọ ojú ẹni tó bí mi kí n tó lọ bá a."

Mo ya fọ́tò náà sórí fóònù, mo wọ tírótìró, bọ́ọ̀sì akérò, lọ sí Lapaz kí n lè mọ èwo ni ká gé, lọ́dọ̀ sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fẹ àwòrán náà lójú. Àmì aláǹtakùn kan wà lápá aṣọ, tí àwa ti ń pè ní ìdọ̀tí láti ọjọ́ yìí. Ó ní àmì àwọn tó lọ jagun ní Bọ́mà ni. Ó ka lẹ́tà tó wà léjìká: rẹ́jímẹ́ǹtì Gold Coast. Inú mi dùn, mo bi í léèrè èkejì.

Ó wò ó, ó tún un wò, ó wá bú sẹ́rìn-ín.

"Lẹ́tà kan náà ni, àmọ́ ó yí padà," ó fi èdè Twi sọ fún mi. "Bọ́tìnì aṣọ rẹ̀ pàápàá dé lódì. Apá òsì ni gbogbo sójà ìgbà yẹn ń ṣẹ́ àkẹtẹ̀ sí. Ẹnì kan ṣoṣo nìyí, bíi ti inú dígí. Kí ló dé tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì?"

Èmi náà ò mọ̀. Ẹ̀rín àwọn ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń rín bọ̀ wálé: etí tó dára àti ojú tó le, ẹnì kan náà ló ni wọ́n.

Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un. Ó gba fọ́tò náà, ó jókòó.

"A kì í sọ pé ìbejì kú," ó ní. "Wọ́n á ní ó rìnrìn-àjò. Bí ọ̀kan bá sì ti lọ, wọn kì í jẹ́ kí èkejì dá wà nínú fọ́tò. Oní-fọ́tò á tẹ ẹni tó kù lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí i tí wọ́n ń ṣe é ní kékeré mi, mi ò ronú kàn án koraa. Ẹni tó kù yìí ló bí mi."

"Màámi, ṣé kí n wá ní kí wọ́n gé ọ̀kan?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. "Kò fẹ́ dá wà. Ṣé èmi ni n ó wá gé e?"

Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ojú tèmi náà ò gbẹ. Ó gbé fọ́tò náà ka orí tábìlì, ó di ọwọ́ mi mú, ó rọra kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún.

"Bàbá mi," ó ní, "ẹ kú ará fẹ́ra kù."